Etí Bàbá Ìbejì

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ òkú ní ilé ìtẹ̀wé wa. Bí ìdílé kan bá fẹ́ sìnkú lọ́jọ́ Ẹtì, ìwé ètò ìsìnkú wọn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé títí di alẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n ṣì máa ń bá ara wọn jà lórí orúkọ ọmọ tí yóò ṣáájú àti fọ́tò tí yóò wà lójú ìwé. Èmi ni mo máa ń kà á kó tó dórí pléètì. Láti ọdún 2004 tí mo ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Ṣómólú, mi ò tíì rí ti bàbá kan tí kò dáa. Gbogbo wọn ni baba rere, gbogbo wọn ni ọkọ àtàtà, gbogbo wọn ni ọ̀gá tó fẹ́ràn àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ìgbà mìíràn wà tí mo mọ bàbá náà dáadáa. Mo mọ̀ pé ó kó owó àjọ jẹ. Síbẹ̀ mo fara balẹ̀ to gbogbo àmì sórí "olóòótọ́" fún un, torí iṣẹ́ niṣẹ́.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tíì kú. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà nísàlẹ̀ ilé, ó ń fi àkísà tó rin kẹrosíìnì nu rólà, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń bú ọmọọṣẹ́ kan tó gbé bébà sí ibi tó ń sun omi. Mo kàn rò ó pé kì í ṣe dandan kí n dúró de Ọjọ́bọ̀ tirẹ̀.

Bàbá Ìbejì là ń pè é. Àwọn oníbàárà pàápàá ò mọ orúkọ mìíràn fún un. (Lẹ́nu, "ẹ" àti "wọ́n" ni mò ń lò fún un, ó jù mí lọ dáadáa. Níbí yìí mo lo "ó" kí òǹkàwé má bàa rò pé èèyàn púpọ̀ ni mò ń sọ.) Òun náà kì í pe orúkọ mi. Àǹtí Ìwé ló ń pè mí, nítorí pé láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ ni ìwé ti wà lọ́wọ́ mi àti bírò pupa.

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú yóò mọ irú ibi tí mò ń sọ. Ní àdúgbò wa, ojúlé kan ń ta bébà, èkejì ń ṣe pléètì, ẹ̀kẹta ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀kẹrin ń gé e, ẹ̀karùn-ún ń rán an, ọmọdékùnrin kan á sì máa ru bébà lórí láti ọ̀kan sí èkejì, á máa pariwo "Àgò o! Àgò o!" láàárín ọkọ̀ àti àwọn ìyá oníṣu. Kálẹ́ńdà tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri yín lè ti gba ọwọ́ ilé mẹ́fà kọjá kó tó di kálẹ́ńdà. Nínú gbogbo ariwo yẹn, máṣíìnì kan ṣoṣo ni Bàbá Ìbejì ń ṣọ́ láti ọdún 1996: Heidelberg Kord, irin ńlá ará Jámánì tó gba ìdajì yàrá, tí àwọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyẹn díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọ̀ mẹ́rin ló ń di gbogbo àwọ̀ tí ẹ ń rí nínú ìwé: cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú. Máṣíìnì tó ń tẹ àwọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bébà kan náà gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, kí ó sì balẹ̀ sí ojú ibi kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin. Bó bá yẹ̀ ní ìwọ̀n fọ́nrán irun kan, ìyàwó ojú ìwé yóò ní ètè mẹ́rin. Omi sì tún wà níbẹ̀. Omi àti íńkì kì í bá ara wọn ṣe: ibi tí àwòrán wà lára pléètì á gba íńkì, ibi tó ṣófo á gba omi, pléètì á fi àwòrán náà sára rọ́bà, rọ́bà á wá fi í sára bébà. Bí omi bá pọ̀, àwọ̀ á ṣá. Bó bá kéré, ìwé á dọ̀tí. Kò sí ohun tó ń sọ fún èèyàn lára máṣíìnì àtijọ́ yẹn pé omi ti tó. Ojú àti etí ni.

Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí etí náà. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀bà, ó kẹ̀yìn sí máṣíìnì, ọmọọṣẹ́ kan ń tọ́jú iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló da òkèlè padà sínú àwo, ó dìde, ó na ọwọ́, ó pa á. Ọmọọṣẹ́ náà ń bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Kò tíì ṣẹlẹ̀. A ṣí i, a bá bébà méjì tó lẹ̀ mọ́ra wọn lẹ́nu ibi tí máṣíìnì ti ń gbé e. Bí wọ́n bá wọlé, rọ́bà náà á bàjẹ́, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Mo bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní ó ń mí sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún fọwọ́ kan rólà, ó ní kí n tẹ́tí sí i: íńkì tó pé a máa ń dún bí ẹran tó ń yan lórí iná tí kò le, èyí tó bá ti pọ̀ jù a máa pa ṣàṣà. Mo tẹ́tí. Ariwo ni mo gbọ́. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ariwo náà ni mo ṣì ń gbọ́.

Ti ojú rẹ̀, Ìṣẹ́yìn ló ti gbé e wá. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, abẹ́ òfì ni ó sì dàgbà sí, tó ń bá wọn to òwú. Ìwé mẹ́fà ló kà. Nígbà tí oníbàárà bá gbé àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ wá pé òun fẹ́ kí ìwé ìpè òun bá a mu rẹ́gírẹ́gí, àwọn ilé mìíràn á máa wo ìwé àpẹẹrẹ àwọ̀. Òun á mú aṣọ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, síbi tí oòrùn wà, á wò ó, á ní, "Àlàárì tó ti gbó ni èyí. Ẹ fi ẹtù díẹ̀ pa á." Á pò ó lórí gíláàsì, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, á tún gbé e lọ síta. Kò tíì sí ẹni tó dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ padà lójú mi. Àwọn ọmọọṣẹ́ wa, tí wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ wa lọ dá ilé tiwọn sílẹ̀ ní Bàrígà àti Mushin, ṣì ń pe magenta ní àlàárì, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí aṣọ àlàárì rí.

Mi ò ní parọ́ pé ó rọrùn láti bá ṣiṣẹ́. Kì í yá ènìyàn ní sípánà. Kì í yin ọmọọṣẹ́. Bí ọmọ bá ṣe dáadáa, ó kàn máa dákẹ́ ni, àwọn ọmọ náà sì ti kọ́ láti máa fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yangàn. Mo gbé àpótí rẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀ nígbà kan torí omi òjò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò bá mi sọ̀rọ̀ tó ju "Ẹ káàárọ̀" lọ.

Àmọ́ ọjọ́ kan wà tí ó gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀tẹ́. Ìwé ìsìnkú ni, gẹ́gẹ́ bí ìṣe Ọjọ́bọ̀, gbogbo rẹ̀ ní èdè Yorùbá, ìyàwó olóògbé ló sì fúnra rẹ̀ kọ apá tirẹ̀. Mo ti kà á, mo ti fọwọ́ sí i, mo ti ń múra ilé. Ọmọ tuntun kan ló wà nídìí pléètì lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bó bá rí àmì kékeré dúdú lára pléètì, àbàwọ́n ni, kí ó fi kẹ́míkà nù ún kúrò. Ọmọ náà jẹ́ aláápọn. Ó jókòó, ó fara balẹ̀, ó nu gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò, ọ̀kan kò ṣẹ́kù. "Ọkọ mi ọ̀wọ́n" wá di "Oko mi òwón". Obìnrin náà ì bá máa sunkún oko.

Bébà àkọ́kọ́ tó jáde ni Bàbá Ìbejì gbé sókè. Kì í ka ìwé tó bá ń tẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún mi rí pé bí òun bá ń kà á, òun ò ní rí i. Ó wò ó, ó pa máṣíìnì, ó pariwo pè mí láti ìsàlẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Àǹtí Ìwé, abẹ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ó dà bí ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà." Mo wò ó, ara mi sì tutù. Ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà ló yẹ kó jáde. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń sọ fún àwọn ọmọọṣẹ́ nípa àwọn àmì yẹn, pé ní ọdún 1875 ni àwọn àgbà ìjọ CMS jókòó ní Èkó, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther láàárín wọn, láti fẹnu kò sórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀, ojú Bàbá Ìbejì ni mo máa ń rí. Henry Townsend ti ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá ní Abẹ́òkúta ṣáájú ìgbà náà, láti ọdún 1859. Ẹnìkan ló ń fọwọ́ yí ẹ̀rọ yẹn, tó ń fi íńkì sí i, tó ń wo bébà àkọ́kọ́. Orúkọ ẹni tó ni ìwé ìròyìn là ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́.

Ohun kan ló wà tí mi ò fẹ́ràn nípa rẹ̀ nígbà náà. Aago mẹ́rin. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, Bàbá Ìbejì á wẹ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti eérú, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á lọ sílé. Ẹ sì mọ̀ pé lálẹ́ ni owó wà nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Lóṣù Kejìlá, lásìkò ìbò, lásìkò ìgbéyàwó, owó tí èèyàn ń rí lálẹ́ lè tó owó oṣù. Kò dúró rí. Àwa kan ní ìgbéraga ni. Àwọn kan ní ó ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe níbòmíràn. Èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀ jù.

Ìbò ààrẹ ọdún 2015, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ku bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, òṣèlú kan gbé iṣẹ́ ìwé ìléwọ́ wá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, ojú kan ṣoṣo, àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, déètì ìbò gàdàgbà lábẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀gá wa ní gbogbo wa la máa dúró, ìlọ́po méjì ni òun máa san. Aago mẹ́rin lù. Bàbá Ìbejì wẹ ọwọ́. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó lọ. Ọmọọṣẹ́ tó dàgbà jù ló tẹ iṣẹ́ náà mọ́jú. Omi pọ̀ jù nígbà tí magenta ń lọ, oorun sì ti kún ojú gbogbo wa, ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ la rí i pé ojú olóṣèlú náà ti di àwọ̀ ewé bí ẹni tó mu àgbo tí kò bá a lára mu. Àwọn aṣojú rẹ̀ pariwo, wọ́n san ìdajì, wọ́n kó ìdajì. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ keje oṣù, àjọ INEC kéde pé wọ́n ti sún ìbò síwájú di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta. Ìdajì tó kù di ìdọ̀tí.

Mo lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Mo ní bí àgbà kan bá dúró lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú èèyàn ì bá má di ewé. Mo tún fi àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn kún un tí mi ò ní kọ síbí. Ọ̀gá fún un ní kúérì. Èmi náà ni wọ́n ní kí n tẹ kúérì ọ̀hún sórí kọ̀ǹpútà, mo sì tẹ̀ ẹ́, mo ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Èsì tó kọ kò ju ìlà kan lọ: "Mo lọ sílé ní aago mẹ́rin bí mo ṣe máa ń lọ." Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni pé ó kó àwọn ìwé olójú ewé wọ̀nyẹn, tí ẹ̀yìn wọn ṣófo, ó gé wọn, ó kó wọn sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó gbé e lọ sílé. Mo rò pé yóò tà á fún oníbọ̀ọ̀lì.

Oṣù Kejìlá ọdún náà, ọyẹ́ dé. Ìgbà kálẹ́ńdà ni, ìgbà tí a kì í mí. Bàbá Ìbejì ò wá síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀gá kó owó oṣù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n mú un lọ fún un ní Bàrígà, kí n sì wo ohun tó ń ṣe é.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló jókòó síta tó ń fọ aṣọ, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fi orí tọ́ka sí inú ilé. Ọmọbìnrin kejì, Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dùbúlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì bò ó, ìgò omi gbígbóná tí wọ́n fi aṣọ wé wà ní orúnkún rẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́. Bàbá rẹ̀ jókòó nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ọmọ náà. Kò sọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ṣe máa ń tẹ̀ nídìí máṣíìnì nígbà tí bébà bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpòòwé owó wà lọ́wọ́ mi, mo sì rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọ́fíìsì ọ̀gá, títí kan àwọn tí mi ò kọ síbí.

Ẹ̀jẹ̀ SS ni. Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn èèyàn ń pè é, bàbá rẹ̀ sì kórìíra orúkọ náà: "Kò kú lónìí, ta ló ní kó dìde lọ́la?" Kí òun àti ìyàwó rẹ̀ tó fẹ́ra, wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní AA ni tirẹ̀. Irọ́ ni ìwé náà pa, AS ni, bíi nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà. Ti ìyàwó rẹ̀ náà AS ni. Àwọn ìbejì dé ní ọdún 1999. Táyé yọ, Kẹ́hìndé kò yọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí AS méjì bá fẹ́ra, nínú ọmọ mẹ́rin ọ̀kan péré ló máa mú un. Òun ló kọ́ mi pé kò rí bẹ́ẹ̀: oyún kọ̀ọ̀kan ń dá ìbò tirẹ̀, bí ẹyin àwọn ìbejì sì ṣe jẹ́ méjì, ìbò méjì ni wọ́n dá lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí àìsàn náà fojú hàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wá láti Ìṣẹ́yìn láti sọ fún un pé obìnrin náà ló gbé àbíkú wọlé, kí ó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó ní òun sin ẹ̀gbọ́n òun dé gáréèjì, òun sanwó ọkọ̀ rẹ̀, òun sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ti òun náà wà níbẹ̀.

Ìyá wọn ń din àkàrà ní ìdíkọ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé agbada kaná, ó di aago mẹ́wàá alẹ́ kó tó wálé. Ọ̀sán ni tirẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ, alẹ́ ni ti bàbá. Wọ́n pín ọjọ́ bí àwọn tó ń ṣọ́ ibodè ìlú. Òtútù ni ọ̀tá ọmọ náà, òru ni òtútù sì ń pọ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lálẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí èémí ọmọ yí padà, kó bẹ̀rẹ̀ sí fún un lómi, kó gbé omi kaná, kó mọ̀ bóyá ti ilé ni tàbí ó ti di ti Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìwòsàn LUTH wà. Aago mẹ́rin nìyẹn.

Ó rí i pé mò ń wo àwọn ìwé tó wà lórí tábìlì, ó ní kí n mú un. Ìwé kéékèèké ni, ó pọ̀ tó ogún, ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán wọn, ó sì fi ìyókù páálí tó nípọn ṣe èèpo wọn. Mo ṣí èyí tó wà lókè. Lójú ewé òsì: ife omi mélòó, fólíìkì, Paludrine, ibi tó ń dùn ún, aago mélòó, òjò tàbí ọyẹ́, "ó jẹ ẹ̀bà, ó ní ọbẹ̀ kò níyọ̀." Lójú ewé ọ̀tún, orúkọ Táyé ni. Táyé kò ní àìsàn kankan. Mo ka ti ọjọ́ kan: "Ó gba ipò kẹta. Ó ń bínú. Mi ò mọ ìdí." Mo bi í pé kí ló dé tó ń kọ ti Táyé. Ó ní kí ọmọ náà má bàa sọ lọ́la pé ọjọ́ ẹ̀gbọ́n òun nìkan ni bàbá òun kà. (Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí.) Mo yí ewé náà padà láti wo ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ojú olóṣèlú wa sì yọ sí mi, àwọ̀ ewé rẹ̀ kò tíì ṣá.

Àwọn tó ni iṣẹ́ fẹ́ràn láti máa sọ pé kí èèyàn má gbé ilé wá síbi iṣẹ́. Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ yẹn sórí páálí rí fún ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ ẹ kọ́ sára ògiri. Láti ọjọ́ Bàrígà ni mi ò ti lè kà á láìrẹ́rìn-ín. Etí tó gba rọ́bà ọ̀gá wa lọ́wọ́ ìbàjẹ́ lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀ ti ń gbọ́ èémí ọmọ lóru láti ọdún márùn-ún ṣáájú ìgbà náà. Ọ̀gá ń sanwó ọ̀sán, òru ló ń jẹ èrè rẹ̀. Èwo ló kọ́ èwo, mi ò mọ̀. Mo bi í nígbà kan bóyá máṣíìnì ló kọ́ ọ láti gbọ́ ọmọ, tàbí ọmọ ló kọ́ ọ láti gbọ́ máṣíìnì. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo bébà tó ká. Ó ní ilé bàbá òun ni òun ti kọ́ láti dákẹ́.

Mo gbìyànjú láti tọrọ àforíjì nítorí kúérì yẹn. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ dáadáa, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà láti oṣù Kejì..." Ó ní, "Àǹtí Ìwé, ta ló mú sípánà mi?" Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn.

Nígbà tí ìjọba ti Èkó pa ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí kòrónà, a ò mọ̀ pé ó ń ti Bàrígà rìn wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní àwọn wákàtí tí wọ́n gba èèyàn láyè láti ra oúnjẹ, láti fọwọ́ yí máṣíìnì náà. Rólà tó bá dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́ a máa tẹ̀ níbi tó ti fara kan èkejì, kò sì ní tẹ̀wé dáadáa mọ́. Ọlọ́dẹ ló tú u fó. Kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀ fún un, kò sì bèèrè. Èyí bí mi nínú nígbà náà, ó ṣì ń bí mi nínú.

Láti àárín ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, tí owó bébà ń fò sókè, ọ̀gá ní a ò gbọ́dọ̀ fi ìyókù bébà tọrẹ mọ́, títà ni. Bàbá Ìbejì mú owó jáde, ó ra tirẹ̀, ó sì ní kí wọ́n já rìsíìtì fún òun. Wọ́n rò pé ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi já a.

Kẹ́hìndé ti di olùkọ́ báyìí. Ó ti gba ìwé náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kì í sì í fi hàn án. Ohun tó dun bàbá jù láyé yìí nìyẹn, kò sì lè sọ pé ó dun òun. Nígbà tí Táyé mú ọkọ àfẹ́sọ́nà wálé, Bàbá Ìbejì ní kí àwọn méjèèjì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òun ló sanwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó to ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó ní kí wọ́n gbé ọtí wá. Nínú ìwé tirẹ̀, ìyá wọn ló wà lójú ewé òsì báyìí. Orúnkún ń dùn ún.

Wọ́n ti gbé máṣíìnì tòkunbọ̀ kan wá, tó ń tẹ àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Kord ṣì wà nínú igun, ìwé rìsíìtì ló ń tẹ̀. Bí ti tuntun bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́nà kan, mo máa ń rí i pé àwọn ọmọ náà á kọ́kọ́ wo igun yẹn kí wọ́n tó wo ojú kọ̀ǹpútà.

Lánàá mo tẹ àròkọ yìí jáde, mo mú un lọ fún un. Ó fi àtàǹpàkò pa bébà náà, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní íńkì mi ti ń tán. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó dúró pẹ́ níbi kúérì. Ó dúró pẹ́ níbi Kẹ́hìndé. Mo ń retí pé yóò ní kí n yọ ọ́. Ó ní ibi tí mo ti sọ pé òun bínú lórí àpótí, ọ̀sẹ̀ méjì ni, kì í ṣe mẹ́ta. Ó ní kí n má ṣe fi orúkọ òun sí i.

Aago mẹ́rin ti ń lù lọ. Ó wẹ ọwọ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tún mú àwọn bébà náà, ó yí wọn padà, ó wo ìdí wọn.

"Àǹtí Ìwé," ó ní, "ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo." Ó ká wọn sí mẹ́rin, ó fi wọ́n sápò, ó lọ sílé.